Ìyá Àgbà Kọ̀, Wọn Ò Bomi Rin Oko

Nígbà tí mo wà ní kékeré, àgbà mẹ́ta ló mọ̀ nípa ọgbà ẹ̀fọ́ nílé wa, ọgbà náà kò sì mú nǹkan kan jáde. Bàbá mi, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò ní yunifásítì, ní ìwé ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ nílùú òyìnbó. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, kò nílò ìwé, torí láti kékeré ni wọ́n ti ń dáko ní Ìgbájọ. Ẹnì kẹta ni ìyá mi. Ìmọ̀ràn tiwọn ni pé kí a lọ ra ẹ̀fọ́ lọ́jà Sabon Gari. Àwọn nìkan ló tọ̀nà, nítorí náà kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn.

Zaria là ń gbé, ní GRA, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé àtijọ́ tí àgbàlá wọn fẹ̀ débi pé bọ́ọ̀lù wa máa ń sọnù nínú ẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà níbẹ̀, ẹ ò lè gbàgbé: igi máńgòrò méjì, igi dóńgóyárò kan, àti ilẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ bàtà nígbà òjò, tó sì máa ń le nígbà ẹ̀ẹ̀rùn débi pé ọkọ́ á kọ́kọ́ ta padà kó tó wọlé. Bí ọyẹ́ bá dé, ètè wa á bẹ́. Ìyá mi á fi òrí pa wá lára láàárọ̀ títí a ó fi máa dán, eruku á sì ti bo òrí náà kí a tó dé ilé ìwé. Kósáì gbígbóná, ìyẹn àkàrà àwọn Hausa, là ń rà lójú ọ̀nà, a ó dì í mọ́ àtẹ́lẹwọ́ kí ọwọ́ lè móoru, kí a tó rántí pé jíjẹ ni a rà á fún.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìwé bàbá mi. Oṣù kọ̀ọ̀kan ló ní ìmọ̀ràn tirẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹta, ìwé náà ní yìnyín ti ń yọ́ lọ, kí ológbà wá ibi tí oòrùn ti máa rí ewébẹ̀ rẹ̀ dáadáa, torí oòrùn ò pọ̀. Bàbá mi ka èyí sí wa létí nínú oòrùn oṣù kẹta ní Zaria, nígbà tí àwọn adìẹ ń la ẹnu lábẹ́ ọkọ̀. Wọ́n pa ìwé dé, wọ́n sì ní kí a gé ẹ̀ka dóńgóyárò kúrò kí oòrùn lè ráyè wọlé. Ìwé tún ní kí a gbé ilẹ̀ ga sókè, kí omi má baà dúró sídìí ewébẹ̀. Omi wo? Láti oṣù kẹwàá la ò ti rí òjò. A gbé ilẹ̀ sókè. Èmi ni mò ń gbé omi lọ síbẹ̀ láràárọ̀, bókẹ́ẹ̀tì mẹ́fà, omi náà á sì ṣàn kúrò lórí òkè yẹn gẹ́lẹ́ bí ìwé ṣe fẹ́. Kárọ́ọ̀tì mẹ́rin ló hù. Bàbá mi fi rúlà wọn gbogbo wọn, wọ́n ní ìwé ò jẹ̀bi, ó ní láti jẹ́ irúgbìn ló ní àbùkù.

Bí mo bá wá tẹ ọgbà yìí mọ́lẹ̀ níbi tí a ti ń ṣe sùwẹ̀, màá kúnlẹ̀, màá na ọwọ́ méjèèjì sókè, màá sì máa ka tábù ìṣirò láti orí méjì dé orí méjìlá. Bàbá mi kì í jẹni níyà kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ ẹni. Ìyá mi kì í ní àkókò ẹjọ́ ní tiwọn, sálúbàtà wọn ti wà lọ́wọ́.

Inú wàhálà yìí ni Ìyá Àgbà bá wa. Bàbá àgbà ti kú, àwọn nìkan ló kù nínú ilé ní Ìgbájọ. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ṣubú sẹ́yìn ilé láàárọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí aládùúgbò kan fi wá tọrọ iná nírọ̀lẹ́. Nígbà tí bàbá mi gbọ́, wọ́n wakọ̀ lọ, wọ́n sì gbé wọn wá. Yàrá mi ni wọ́n fún wọn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mi ò tíì rí ire tó tó yẹn rí. Bí sálúbàtà ìyá mi bá ti kúrò lẹ́sẹ̀, ẹ̀yìn Ìyá Àgbà ni mò ń sá sí, wọ́n á sì ní, "Ẹ fi ọmọ sílẹ̀, bàbá rẹ̀ burú jù báyìí lọ, mo ṣì tọ́ ọ." Bàbá mi á fi ìwé bojú bí ẹni tí kò sí nílé.

Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ò mọ bí a ṣe ń jókòó lásán. Kò pé ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá léèrè ibi tí oko wọn wà. Wọ́n rìn yí àgbàlá ká, wọ́n wo òkè tí ìwé ní kí a gbé, wọ́n bi bàbá mi pé ta ni a sin síbẹ̀. Wọ́n wá ní, "Màá wo ilẹ̀ yín yìí títí ọdún á fi parí. Ẹni tí kò lóko, àlejò ni. Bí ilẹ̀ ò bá gbà mí, ẹ dá mi padà sí ilé mi. Àjò kì í dùn kónílé má relé." Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí mo ti gbọ́ tí bàbá mi fúnra wọn ń sọ fún ìyá mi ní ilé ìdáná pé bí ìyá àwọn bá padà sínú ilé yẹn, òkú wọn ni a ó lọ gbé. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbàdúrà fún tòmátì. Ní Súńdè, nígbà tí àwọn ọmọ yòókù ń tọrọ bàtà tuntun, èmi ń tọrọ kí ata hù.

Àdúrà náà ò tètè gbà. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní oṣù kẹrin, ó rọ̀ tìbínú-tìbínú, òórùn ilẹ̀ gba gbogbo ilé, a sì bọ́ sí ìta láti jó nínú ẹ̀. Ìyá Àgbà tú irúgbìn tí wọ́n so mọ́ etí ìró wọn: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ilá, ata, tòmátì. Ní Ìgbájọ, bí òjò kan bá ti rọ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ á tẹ̀ lé e. Òjò àkọ́kọ́ ti Zaria kò ní ẹbí. Ó wá wò wá, ó padà síbi tó ti wá, a ò sì rí i mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbogbo ohun tó hù ló gbẹ. Mo gbé bókẹ́ẹ̀tì, mo fẹ́ lọ bomi rin ín, Ìyá Àgbà gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní oko kọ́ là ń bomi rin. Ọ̀lẹ ló ń bomi rin oko, ẹni tó gbìn lásìkò, ojú ọ̀run ni yóò bá a bomi rin ín. Wọ́n ní ní ìlú àwọn, bí wọ́n bá rí obìnrin tó ru omi lọ sóko, wọ́n á fi í kọrin. Mo bi wọ́n pé ta ló máa fi wọ́n kọrin ní GRA. Wọ́n ní kí n lọ kúnlẹ̀.

Ní ti oṣù kẹjọ, mi ò mọ bí n ó ṣe sọ ọ́ kí ẹ má rẹ́rìn-ín. Gbogbo ẹni tó ti gbé Ìgbájọ rí mọ̀ pé òjò máa ń sinmi ní oṣù kẹjọ níbẹ̀. Ìyá Àgbà ti gbin tòmátì mìíràn sínú bàsíà tó ti jò, wọ́n fi ẹ̀ka máńgòrò ṣíji bò ó, wọ́n ṣìkẹ́ ẹ ju àwa lọ. Ọjọ́ tí oṣù kẹjọ wọlé ni wọ́n lọ́ ọ kúrò nínú bàsíà sínú ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀, oṣù kẹjọ gan-an ni òjò Zaria máa ń kó gbogbo ẹrù rẹ̀ dé. Ó rọ̀ lọ́sàn-án, ó rọ̀ láàárọ̀, ó rọ̀ nígbà tí a rò pé kò sí omi mọ́ lókè. A fi ìwé ṣe ọkọ̀ ojú omi, a sì ń wà á láàárín tòmátì. Ìyá Àgbà dúró lójú fèrèsé, ọwọ́ lẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ṣé òjò ibí ò mọ̀ pé oṣù kẹjọ la wà ni?" Ewé tòmátì ní àmì dúdú, ó ká kò, ó jẹrà. Bàbá mi wá fi ìwé hàn wọ́n pé bí wọ́n bá ti gbé ilẹ̀ sókè ni, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ọdún yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ìwé náà tọ̀nà nìyẹn, ẹnu tó sì gbé e jáde ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á.

Ìyá Àgbà ò sọ̀rètí nù. Wọ́n gbin ilá àti tẹ̀tẹ̀ ní ìparí oṣù kẹsàn-án, wọ́n ní òjò àrọ̀kúrò á mú un dàgbà títí di oṣù kọkànlá. Ọ̀sẹ̀ kejì, òjò tán. Kì í ṣe pé ó dín kù o, ó tán. Ojú ọ̀run mọ́ bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ilẹ̀ sì là. Ìyá Àgbà fọ ọkọ́ wọn, wọ́n fi í sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ilẹ̀ ti sùn. Wọ́n ní kí bàbá mi mú àwọn lọ sílé bí wọ́n bá ti gba ìsinmi Kérésìmesì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Mo rí i tí wọ́n ń ká aṣọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú àpótí, mo sì sá lọ sẹ́yìn igi máńgòrò, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Ọkùnrin kan wà tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá ta ewébẹ̀ ní àdúgbò wa, Málàm Bálà. Ẹ̀bá odò lẹ́yìn GRA ni lámbù rẹ̀ wà, bí a ṣe ń pe ọgbà ewébẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀, ìyá mi rán mi lọ ra àlùbọ́sà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà ní àwọn á bá mi na ẹsẹ̀. Bí a ṣe yọ sí ẹ̀bá odò, wọ́n dúró. Níbi tí gbogbo ìlú ti gbẹ, lámbù Málàm Bálà tutù minimini: tòmátì ń so, àlùbọ́sà ń wú, kábéèjì jókòó káàkiri bí ìjòyè. Kì í gbé ilẹ̀ sókè ní tirẹ̀. Ńṣe ló gbẹ́ ẹ sílẹ̀ bí àwo, ó fi amọ̀ mọ etí yí i ká, kí omi má baà rí ọ̀nà sá lọ. Kànga tí kò jìn ló gbẹ́ síbẹ̀, igbá ló sì fi ń bu omi sínú àwo kọ̀ọ̀kan.

Inú Ìyá Àgbà ò dùn rárá. Inú ń bí wọn. Wọ́n ní kí n bi í léèrè irú ọ̀lẹ wo ló ń gbin oko nígbà tí ilẹ̀ ń sùn, tó wá ń fi igbá bá Ọlọ́run ṣiṣẹ́. Kí ẹ rántí pé Ìyá Àgbà ò gbọ́ Hausa kọjá "sannu," Málàm Bálà ò sì gbọ́ Yorùbá kankan. Èmi ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ògbifọ̀. Mo wo ojú Ìyá Àgbà, mo rántí àpótí tó wà nínú yàrá wa, ẹnu mi sì ṣí. Mo sọ fún Málàm Bálà ní Hausa pé ìyá mi àgbà ní àwọn ò rí iṣẹ́ tó dára báyìí rí, wọ́n ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó kọ́ àwọn.

Málàm Bálà nàró. Ó ní, "Haba!" Ó wá na ìka sí ilẹ̀, ó na ìka sí òkè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ na án wọ Ìyá Àgbà nímú, ó sọ̀rọ̀ kíkan-kíkan. Ohun tó sọ ni pé òjò jẹ́ ti àgbàdo àti ọkà bàbà, òtútù jẹ́ ti ewébẹ̀; pé ẹni tó gbin tòmátì sínú òjò oṣù kẹjọ, kòkòrò àti ìdíbàjẹ́ ló gbìn ín fún; pé ilẹ̀ ibí kì í sùn, omi ló ń rìnrìn-àjò, kí èèyàn lọ bá a níbi tó wà; pé ọmọ tó ń rákòrò ní Zaria mọ èyí. Ìyá Àgbà bi mí pé kí ló wí. Mo ní ó ní àwọn ọmọ òun ò mọ bí a ṣe ń lọ́ tòmátì, wọ́n ń pa á ni. Ó ní ọwọ́ àgbà ló kù. Ó ní òun ń bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ òun bàjẹ́.

Ìyá Àgbà wo ọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Ó mọ̀wé." Lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú ọkọ́ kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ẹ bá mi wo ìyà tí mo kó ara mi sí. Ojoojúmọ́ tí mo bá ti ilé ìwé dé, ẹ̀bá odò ni mo wà, mo ń parọ́ ní èdè méjì. Bí Ìyá Àgbà bá ní ọwọ́ Málàm ti le jù, màá ní wọ́n kí i kú iṣẹ́. Bí Málàm bá ní kí ìyá àgbàlagbà yìí má tẹ etí àwo òun mọ́lẹ̀, màá ní ó ní ẹ rọra, ẹ ti ṣe púpọ̀ jù. Ìyá mi sábà máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a, n kò sì lè sùn. Àmọ́ kò pẹ́ tí wọn ò fi nílò mi púpọ̀ mọ́. Ìyá Àgbà fi bí a ṣe ń fi eérú pa irúgbìn mọ́ kúrò lọ́wọ́ kòkòrò hàn án, ó lanu, ó ní, "Madalla!" ìyẹn ni pé wọ́n káre. Òun náà fi imí àgùntàn gbígbẹ hàn wọ́n, àti bí a ṣe ń bomi láàárọ̀ kùtùkùtù kí oòrùn tó jí. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n kọ́kọ́ gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, bóyá ẹnikẹ́ni láti Ìgbájọ wà nítòsí. Wọ́n sì bu omi sí i.

Ìsinmi Kérésìmesì dé. Bàbá mi ti tún ọkọ̀ ṣe, wọ́n ti ra búrẹ́dì ọ̀nà, ojú wọn sì wú bí ojú ẹni tí kò sùn. Àpótí ti wà nínú bùútù. A wá Ìyá Àgbà títí. Mo mọ ibi tí wọ́n wà, mi ò sọ. Nígbà tí wọ́n yọ lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ wọn rin ṣìnkìn fún omi, ìró wọn dọ̀tí dé orúnkún. Bàbá mi ní, "Ìyá, ọ̀nà jìn o." Ìyá Àgbà ní, "Ta ló ń lọ? Ọkùnrin yẹn bẹ̀ mí níwájú ọmọ yìí. Ṣé kí n wá fi iṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni sílẹ̀ láàárín? Irú èèyàn wo lẹ fi mí pè?" Bàbá mi wò mí. Mo wo ilẹ̀. Bàbá mi lọ gbé àpótí náà wọlé padà fúnra wọn, wọn ò pe ẹnikẹ́ni kó gbé e, wọn ò sì tètè jáde kúrò nínú yàrá yẹn.

Ọdún mẹ́sàn-án ni Ìyá Àgbà lò sí i ní Zaria. Ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ wọ yunifásítì, a jọ ń já tòmátì, mo wá jẹ́wọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí! O rò pé mi ò mọ̀? Ọkùnrin na ìka sí mi nímú, o ní ó ń bẹ̀ mí. Èmi náà ò fẹ́ lọ ni. Mo ti sọ ọ́ lẹ́nu pé màá lọ, ojú sì ń tì mí láti dá a padà. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo ra tìẹ." Wọ́n ní kí n yé wò wọ́n, kí n máa já tòmátì.

Lónìí, Danmagaji, ní Zaria níbẹ̀ náà, ni mò ń gbé, mo ní lámbù kékeré tèmi. Ọmọ Málàm Bálà ló ń ṣe ti bàbá rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀nba tí wọn ò tíì kọ́lé sí. Òjò gan-an ò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni mọ́, nígbà mìíràn oṣù kẹfà á ti dé kó tó rántí wa. Ohun tó pọ̀ ni ìmọ̀ràn. Ìgbà tiwa, ìwé kan ṣoṣo ló ń ṣì wá lọ́nà, ní báyìí fóònù mi kún fún wọn. Arábìnrin kan ń pariwo lórí rẹ̀ láti Èkó pé kí gbogbo Nàìjíríà gbin tòmátì ní oṣù kẹta, gbogbo Nàìjíríà pátá, àfi bí ẹni pé òjò kan náà ló ń pa wá. Àwọn ọmọ mi ò tẹ̀ lé mi lọ bomi rí. Wọ́n ní páìpù wà.

Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì sí Ìgbájọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín: oṣù kẹwàá ni wọ́n ń gbin tòmátì níbẹ̀, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ bí àwo bíi ti Málàm Bálà, òjò Ìgbájọ sì ń rọ̀ kún inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú. Ó pẹ́ kí wọ́n tó kọ́ Zaria, wọn ò sì ní í torí Ìgbájọ gbàgbé rẹ̀. Àwọn nìkan ló wà nínú ilé, torí ìyá mi ti ṣaláìsí. Wọ́n ti yọ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ Súńdè, mo máa ń pè wọ́n, màá ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa, yàrá ti wà nílẹ̀, dókítà ò jìnnà sí wa, ilẹ̀ wà tí wọ́n lè gbìn sí, ẹ̀rù ń bà mí. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Bàbá mi á gbọ́ ọ títí dé òpin, wọ́n á ní mo ro ẹjọ́ mi dáadáa, wọ́n á kí àwọn ọmọ, wọ́n á sì pa fóònù.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, irọ́ ni mò ń wá. Lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ọ̀kan bọ́ sí mi lẹ́nu láìronú, ó sì dá àgbàlagbà dúró. Mo ti lé ní ogójì báyìí, mo kàwé, mo gbọ́ èdè mẹ́ta, mi ò tíì rí èyí tí bàbá mi máa rà.